Camry 1999 tó ń gbọ̀n, tí ọ́ìlì rẹ̀ tún ń jò: ẹ má tíì ra ẹ́ńjìnì

Ìbéèrè: "Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Camry 1999 ni mò ń wà, èyí tí wọ́n ń pè ní pẹ́ńsùlù láìtì, ẹ́ńjìnì 2.2. Bí mo bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ṣe ló máa ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Bí mo bá fẹ́ gun òkè Mọ́kọ́lá, kò lágbára mọ́. Iná ẹ́ńjìnì tàn sójú dáṣíbọ́ọ̀dù, nígbà mìíràn á tún máa ṣẹ́jú. Ọ́ìlì ń kán sílẹ̀ níbi tí mo ń gbé e sí, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo máa ń fi bí ìdajì lítà kún un. Mẹkáníìkì mi ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ti pààrọ̀ rẹ̀, ara ọkọ̀ á yá fún ọ̀sẹ̀ kan, ó parí. Ní báyìí ó ní ẹ́ńjìnì ti kú, kí n lọ ra tókunbọ̀. Ṣé òótọ́ ni? Àbí kí n kúkú tà á?"

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú àmójútó o. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, ibì kan ló sì dá mi dúró nínú rẹ̀: ẹ ní bí wọ́n bá pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ara ọkọ̀ á yá fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ́ńjìnì tó ti kú kì í jíǹde fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó tún kú. Bí òrùka písítìnì bá ti jẹ, tàbí tí fáàfù bá ti jóná, kò sí púlọ́ọ̀gì tuntun tó lè tàn án jẹ fún ọjọ́ méje. Nítorí náà, ẹ má tíì ra ẹ́ńjìnì, ẹ má sì tíì ta ọkọ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ fura sí kò ju rọ́bà roboto mẹ́rin lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe to ẹ́ńjìnì yín. 5S-FE lorúkọ tí Toyota sọ ọ́, sílíńdà 4, fáàfù 16. Bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìdérí gígùn tó wà lókè pátápátá, tí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí wà lórí rẹ̀, òun là ń pè ní tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà. Abẹ́ rẹ̀ ni ọ́ìlì ti ń ta sórí àwọn fáàfù nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́. Láàárín kọ́fà yìí kan náà ni ihò mẹ́rin wà, tó jìn bíi kànga kékeré, púlọ́ọ̀gì sì wà nísàlẹ̀ kànga kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà roboto tó yí ẹnu kànga ká ni kò jẹ́ kí ọ́ìlì wọ ibẹ̀. Rọ́bà tí ooru ẹ́ńjìnì ti ń sè láti ọdún 1999, á ti le bí ike, ẹ ó máa ṣẹ́ ẹ bí ẹní ń ṣẹ́ igbá gbígbẹ.

Bó bá ti le báyẹn, ọ́ìlì á máa yọ́ wọ inú kànga, díẹ̀díẹ̀, títí á fi mu púlọ́ọ̀gì dé ọrùn. Orí wáyà púlọ́ọ̀gì tó jẹ́ rọ́bà á wá rì sínú ọ́ìlì, á rọ̀, á wú, ìdọ̀tí á lẹ̀ mọ́ ọn. Iná tó yẹ kó gba àárín púlọ́ọ̀gì dé ẹnu rẹ̀ á rí ọ̀nà ẹ̀bùrú: á gba ara tánganran funfun tó wà lára púlọ́ọ̀gì, á sì fò sára irin. Epo tó wà nínú sílíńdà yẹn kò ní jó. Gbígbọ̀n tí ẹ ń rí nìyẹn: ẹsẹ̀ mẹ́ta ń rìn, ẹ̀kẹrin ń wọ́ nílẹ̀. Bí mẹkáníìkì yín bá wá tú púlọ́ọ̀gì, ọ́ìlì inú kànga á ṣàn wọ inú sílíńdà, yóò jó, èéfín á rú díẹ̀, ó tán. Ó ki púlọ́ọ̀gì tuntun bọ̀ ọ́, ọkọ̀ ń lọ geere. Nígbà tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan, kànga ti tún kún.

Ẹ lè yẹ èyí wò fúnra yín lówùúrọ̀ kan, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, tí ẹ sì ti pa á. Ẹ fi bébà tó ń lẹ̀ kọ nọ́ńbà sára wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n má baà dàrú mọ́ ara wọn. Èyí tó wà níhà bẹ́líìtì ni nọ́ńbà 1. Ẹ di orí rọ́bà rẹ̀ mú, ẹ má fa wáyà, ẹ yí i lọ yí i bọ̀, kí ẹ tó fà á sókè. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò. Bí ó bá ń dán bí ojú omi nísàlẹ̀, ẹ ti rí olè. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ wé àkísà funfun mọ́ ẹnu súkúdíráfà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ inú rẹ̀. Bí ó bá jáde pẹ̀lú ọ́ìlì dúdú, kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Ẹ ṣe mí lóore kan: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ wáyà púlọ́ọ̀gì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe kọ́ ọ. Ọ̀gá mi a ní kí a máa yọ wọ́n níkọ̀ọ̀kan, èyí tí a bá yọ tí ohùn ẹ́ńjìnì kò yí padà, òun ni sílíńdà tó kú. Lọ́jọ́ kan iná náà gbé mi, mo fi orí gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì, àpá rẹ̀ wà níwájú orí mi títí dòní. Ti orí mi tilẹ̀ kéré. Iná tí kọ́ìlì, ìyẹn ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, ti pèsè sílẹ̀, tí kò wá rí ibi tí yóò jáde sí, á padà sára kọ́ìlì, á sì ba á jẹ́. Ẹni tó fẹ́ wá ẹ̀ṣẹ̀ wáyà á wá dá gbèsè kọ́ìlì sílẹ̀.

Kí ẹ tó tú púlọ́ọ̀gì, ẹ kọ́kọ́ fa ọ́ìlì inú kànga jáde. Síríìnjì tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn àti rọ́bà tín-ín-rín kan tó gùn dé ìsàlẹ̀ ti tó. Lẹ́yìn náà ẹ tú u, ẹ tò wọ́n sórí páálí bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, kí ẹ wá wò wọ́n dáadáa nínú oòrùn. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀, nítorí púlọ́ọ̀gì yìí ló máa sọ fún yín bóyá mẹkáníìkì yín jàre. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ àti ibi tí a fi ń dè é ló ní ọ́ìlì, tí ẹnu rẹ̀ tó máa ń tanná sì gbẹ, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí àwọ̀ bísíkíìtì, òkè ni ọ́ìlì ti wá. Ẹ́ńjìnì yín kò ṣe nǹkan kan. Àmọ́ bí ẹnu rẹ̀ bá dúdú, tó tún tutù, tí ọ́ìlì lẹ̀ mọ́ ọn bí ọ̀dà, inú ni ọ́ìlì ti wá, ọ̀rọ̀ di ti òrùka písítìnì tàbí síìlì fáàfù. Bí ó bá dúdú ṣùgbọ́n tó gbẹ bí èédú ìkòkò, epo bẹntiróòlù ló ń pọ̀ jù, ìyẹn tún yàtọ̀. Bí ó bá sì tutù tó ń rùn bẹntiróòlù, iná ni kò dé ibẹ̀ rárá.

Ẹ tún gbé tánganran rẹ̀ sún mọ́ ojú. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú tín-ín-rín kan tó gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí ọmọ iléèwé fi pẹ́ńsùlù fà á, ọ̀nà ẹ̀bùrú tí mo sọ nìyẹn. Iná kò ní gbàgbé ọ̀nà yẹn mọ́. Ìlà kejì rẹ̀ á wà nínú rọ́bà orí wáyà, kò sì sí àkísà tó lè nù ún kúrò. Púlọ́ọ̀gì àti wáyà yẹn ti di ohun tí a ń gbé sọnù. Ìdí nìyí tí pípààrọ̀ púlọ́ọ̀gì nìkan kò fi ràn yín lọ́wọ́: wọ́n ń ki púlọ́ọ̀gì tuntun bọ inú wáyà tó ti ní àrùn lára.

Ọkọ̀ yín ní ihò tí sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka ẹ̀sùn ẹ́ńjìnì, ń wọ̀ lábẹ́ ọwọ́ ìdarí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sikánà yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì bèèrè nọ́ńbà tó gbé jáde. Ẹ má gbà kí wọ́n kàn pa iná rẹ́. P0301 túmọ̀ sí pé sílíńdà 1 ni kò jó dáadáa, P0302 ti sílíńdà 2, bẹ́ẹ̀ títí dé P0304. P0300 ní tirẹ̀ sọ pé àìjó náà kò dúró sí sílíńdà kan. Kọ́ìlì méjì péré ló wà lára ẹ́ńjìnì yìí: ọ̀kan ń fún sílíńdà 1 àti 4 níná, èkejì ń fún 2 àti 3. Bí P0301 àti P0304 bá jọ yọjú, ẹ fura sí kọ́ìlì. Bí ó bá jẹ́ P0301 nìkan, kọ́ìlì kọ́ nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ gbé púlọ́ọ̀gì 1 lọ sí ihò 2, kí ẹ wà á lọ wà á bọ̀, kí wọ́n tún fi sikánà wò ó. Bí ẹ̀sùn bá tẹ̀ lé púlọ́ọ̀gì lọ sí 2, òun ni. Bí ẹ̀sùn bá dúró sí 1, tí wáyà tuntun kò sì yí i padà, ẹ lọ wo nọ́súlù tó ń fọ́n epo sí sílíńdà yẹn, àti kọ́ńpíréṣọ̀n rẹ̀, ìyẹn agbára tó fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀.

Iná tó ń ṣẹ́jú yẹn, Bàbá, ẹ má fi ṣeré. Bó bá tàn tó dúró, ẹ lè rọra wà á délé. Bó bá ń ṣẹ́jú, ó ń sọ pé bẹntiróòlù tí kò jó ń lọ sínú sìléńsà, ibẹ̀ ló ti ń jó nínú kátálíìsì, ohun tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́, tí ìyẹn fi ń pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ. Nígbà yẹn, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí túrótù, kí ẹ wá ibi dúró sí. Ọ́ìlì tó ń kán sórí páìpù gbígbóná lábẹ́ ọkọ̀ kan náà kò dára pẹ̀lú ìyẹn, ẹ rí i pé ohun ìpaná yín kò tíì kọjá àkókò.

Kí n tó kúrò níbẹ̀: gbogbo gbígbọ̀n kọ́ ni ti púlọ́ọ̀gì. Nígbà tí ẹ bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ gbé gíà láti D sí N. Bí ìgbọ̀n náà bá lọ pátápátá, ẹ́ńjìnì síìtì, ìyẹn rọ́bà tí ẹ́ńjìnì jókòó lé, wà nínú ọ̀ràn náà. Ọ́ìlì tó ń jò sí i lára máa ń jẹ rọ́bà rẹ̀. Ihò kékeré lára họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ náà lè fa ìgbọ̀n. Epo burúkú náà ń ṣe é. Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2022 tí bẹntiróòlù tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ̀lú, wọ́n gbé ọkọ̀ tí kò ní àrùn kankan wá sọ́dọ̀ wa láàárọ̀ lálẹ́. Bí ẹ bá sì fọ ẹ́ńjìnì lọ́dọ̀ àwọn afọkọ̀, tí gbígbọ̀n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, omi ló wà nínú kànga dípò ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó bá ìtàn ọ̀sẹ̀ kan-ọ̀sẹ̀ kan yín mu bíi ti rọ́bà ẹnu kànga.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Bí ẹ bá dé Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ n'Ìbàdàn, ẹ ra gásíkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, rọ́bà ẹnu kànga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti rọ́bà kéékèèké tó ń wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì kọ́fà. Àwọn kan máa ń ra gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan, wọ́n á fi rọ́bà ẹnu kànga àtijọ́ sílẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n kò ṣe iṣẹ́ kankan. Ẹ ra wáyà púlọ́ọ̀gì mẹ́rin tuntun, kí ríwáyà tó ní mítà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sanwó: kò gbọdọ̀ ju 25,000 ohm lọ. Púlọ́ọ̀gì tí Toyota fi síbẹ̀ jẹ́ ti platinum, elétí méjì, àlàfo ẹnu rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1.1. Ayédèrú pọ̀ níta. Èyí tó dà bí ojúlówó tí owó rẹ̀ sì já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Bí ẹ bá rí i tí ọmọ iṣẹ́ mú gọ́ọ̀mù tó ń tẹ̀ ẹ́ yíká gásíkẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì, ẹ ní kó dúró. Gbígbẹ ni gásíkẹ́ẹ̀tì rọ́bà máa ń wọ ojú ibi tí wọ́n ti nù mọ́. Gọ́ọ̀mù bíńtín ní àwọn igun tí irin ti pàdé irin nìkan ló nílò. Èyí tó bá pọ̀ jù á já sínú ẹ́ńjìnì, á lọ dí asẹ́ tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì, ìgbà yẹn ni ẹ́ńjìnì máa wá kú lóòótọ́. Nọ́ọ̀tì kọ́fà náà kò fẹ́ agídí. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára dè é á tẹ kọ́fà wọ́, ọ́ìlì á gba ẹ̀gbẹ́ jáde.

Nǹkan kékeré kan tún wà lórí kọ́fà yẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bìkítà fún: fáàfù PCV. Afẹ́fẹ́ tó ń kóra jọ nínú ẹ́ńjìnì ibẹ̀ ló ń gbà jáde. Bí ìdọ̀tí bá dí i, afẹ́fẹ́ náà á máa ti ọ́ìlì jáde níbi gbogbo tí síìlì bá ti rẹ̀, ẹ ó máa pààrọ̀ síìlì lọ láìsí ìyàtọ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ mì ín létí yín. Ó yẹ kó máa dún ṣẹkẹ-ṣẹkẹ. Bó bá dákẹ́, tuntun ni kí ẹ rà, owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ní ti ọ́ìlì tó ń kán sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: rọ́bà ẹnu kànga kọ́ ló ń ṣe ìyẹn. Inú kànga ni tirẹ̀ ń dúró. Àmọ́ ọjọ́ orí kan náà ni rọ́bà gbogbo tó wà lára ẹ́ńjìnì yẹn, bí ọ̀kan bá ti le, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà ti le. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ mọ́jú. Bí ohun tó kán bá pọ́n, ti gíà tàbí ti ọwọ́ ìdarí ni, ọ̀nà mìíràn nìyẹn. Bó bá dúdú tàbí tó rí bí omi kọfí, ọ́ìlì ni.

Ibi tí ọ́ìlì ti ń kán kọ́ ni ibi tó ti ń jò. Ó máa ń ṣàn wálẹ̀, atẹ́gùn á sì gbé e sẹ́yìn bí ẹ bá ń sáré. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù bo kọ́ìlì àti ọ́ọ̀tánétọ̀, kí wọ́n fi ohun ìfọ̀ fọ ara ẹ́ńjìnì, kí ó gbẹ dáadáa. Ẹ wọ́n páúdà ọmọdé sí i lára láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ tan án fún ogún ìṣẹ́jú. Ibi tó ga jùlọ tí páúdà ti tutù ni kí ẹ fọkàn sí. Ó lè jẹ́ etí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìyẹn á ti lọ pẹ̀lú iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ó lè jẹ́ rọ́bà ìdí fílítà tí wọ́n kò dè dáadáa. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì ló tutù, síìlì ẹnu kámṣáàfù, ti kíráńkì, tàbí ti pọ́ǹpù ọ́ìlì ni, gbogbo wọn wà lẹ́yìn ìdérí bẹ́líìtì táímíìnì. Ti pọ́ǹpù ọ́ìlì sì wọ́pọ̀ gan-an lára 5S-FE. Ẹ má ṣe ọ̀kan nínú wọn kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Iṣẹ́ àtitú kan náà ni, ẹ pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́líìtì tuntun, àti pọ́ǹpù omi. Bẹ́líìtì tó ti mu ọ́ìlì kò ní pẹ́ já. Ẹ́ńjìnì yín ní oríire kan: bó bá já, fáàfù àti písítìnì kò ní pàdé. Yóò kàn kú sójú ọ̀nà ni.

Bó bá jẹ́ ojú ibi tí ẹ́ńjìnì àti gíà ti so pọ̀ ló ń kán, síìlì ẹ̀yìn kíráńkì ni. Síìlì yẹn kò wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti sọ gíà kalẹ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kán díẹ̀ lóru, èmi á fi sílẹ̀ títí gíà yóò fi ní ìdí mìíràn láti sọ̀ kalẹ̀, n ó máa wo gééjì ọ́ìlì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oògùn inú ike tí wọ́n ní kí ẹ dà sínú ọ́ìlì kó dí jíjò, èmi kì í lò ó.

Àti pé ta ló ń pààrọ̀ ọ́ìlì fún yín, báwo ló ṣe ń rọ ọ́? Lítà 3.6 ni ẹ́ńjìnì yín ń gbà pẹ̀lú fílítà tuntun. Gálọ́ọ̀nù tí a ń rà jẹ́ lítà 4, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ fẹ́ràn láti dà á tán pátápátá kí oníbàárà má baà rò pé wọ́n jí i. Ẹ ní kó dúró ní ojú àmì gééjì, kí ẹ gbé ìyókù sínú bọ́ọ̀tù.

Obìnrin oníṣòwò kan gbé irú Camry yín wá lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Ó ti ra ẹ́ńjìnì tókunbọ̀ níbòmíràn nítorí gbígbọ̀n. Ẹni tó bá a gbé e wọlé gbé wáyà àtijọ́ àti kọ́ìlì àtijọ́ sórí rẹ̀, kò sì fọwọ́ kan rọ́bà ẹnu kànga tókunbọ̀ náà, tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni òun àti ti tẹ́lẹ̀. Kò pé oṣù kan tí gbígbọ̀n fi padà. Mo yọ wáyà nọ́ńbà 3, ọ́ìlì ń kán láti orí rẹ̀ sórí bàtà mi. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti àkọ́kọ́, níbo ló wà? Wọ́n ti tà á fún ẹlòmíràn.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí wọ́n wọn kọ́ńpíréṣọ̀n kí ẹ tó gbà fún ẹnikẹ́ni pé ẹ́ńjìnì kú. Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ gbóná, bátìrì gbọ́dọ̀ lágbára, kí wọ́n tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n já iná kọ́ìlì àti ti nọ́súlù, kí ẹnì kan tẹ túrótù mọ́lẹ̀ pátápátá nígbà tí wọ́n bá ń yí i. Tuntun máa ń fún ni ní nǹkan bí 178 psi, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́. Bó bá ti wá sí ìsàlẹ̀ 142, tàbí tí sílíńdà kan àti èkejì fi ju 14 lọ síra wọn, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Kí wọ́n wá kán ṣíbí kékeré ọ́ìlì kan sínú èyí tó kéré, kí wọ́n tún un wọ̀n. Bó bá gòkè, òrùka písítìnì ti jẹ. Bí kò bá gòkè, fáàfù ni, tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì, ìyẹn sì ṣeé tún ṣe láìra odidi ẹ́ńjìnì.

Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé, ti sílíńdà 1 sí 4, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Bí gbogbo wọn bá ju 150 lọ tí wọ́n sì sún mọ́ra, ẹ máa wa ọkọ̀ yín lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá wá fẹ́ tà á, ẹ fi ìwé náà han ẹni tó fẹ́ rà á.